Ìjàpá tó kọ̀ṣẹ́ sójú ọ̀nà Ìpájà: kẹ́ ẹ tó sọ̀ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ẹ yẹ wáyà kílọ́ọ̀ṣì wò ná!

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò òun ṣì lágbára, kó má wulẹ̀ lọ jìnnà, kó gbé e gba Ìpájà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Láti Ìyànà-Ìpájà títí dé Ayọ̀bọ̀, títẹ̀ ni, jíjọ̀wọ́ ni. Dánfó á já wọlé lápá ọ̀tún, kẹ̀kẹ́ Márúwá á gba òsì yọ, mọ́tò á sún díẹ̀, á tún dúró. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yìí kì í ṣe ọ̀rẹ́ mọ́tò tuntun pàápàá, ká má tíì wá sọ ti Volkswagen àtijọ́ táwọn èèyàn ń pè ní ìjàpá.

Ẹ má fojú òní wò ó o, àkísà ti lo ìgbà rí. Ọdún 1975, lásìkò tówó Údójì dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ni iléeṣẹ́ Volkswagen ilẹ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ lọ́nà Badagry, lágbègbè Ọ̀jọ́, ìjàpá sì wà lára ohun tí wọ́n ń tò. Láàárín 1979 sí 1983, tí Alhaji Lateef Jakande ń ṣe gómìnà Èkó, ilé olówó pọ́ọ́kú dìde ní Abẹ́sàn. Ìjọba àpapọ̀ Alhaji Shehu Shagari náà kọ́ tiẹ̀ sí Ìpájà, orúkọ Shagari ni wọ́n sì fi ń pe ẹ́sítéètì náà títí dòní. Láyé ìgbà yẹn, olùkọ́ tó bá gbé ìjàpá wọ àdúgbò, ọ̀gá ni. Dánfó ayé ọjọ́un gan-an, Volkswagen ni, ẹ̀yìn lẹ́ńjìnnì tiẹ̀ náà wà. Orílẹ̀-èdè Mexico ni wọ́n ti ṣe ìjàpá tó kẹ́yìn ní July 2003, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù 21 lọ káàkiri ayé. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àgbàlagbà ni.

Ibi tọ́rọ̀ ti ń di wàhálà rèé. Bí ìjàpá bá kọ̀ tí kò wọ jíà láàárín títì, tí fèrè ń dún lẹ́yìn, kò ní pẹ́ tí mẹkáníìkì etí títì á fi dé. Kò ní tíì wo abẹ́ mọ́tò tó fi máa ní, "Bàbá, kílọ́ọ̀ṣì yín ti jóná o, a máa sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ ni." Bàbá tó ń fowó ìfẹ̀yìntì jẹun, níbo ló ti fẹ́ rówó ìyẹn? Òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú àwọn tó ń ra irin àlòkù. Bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò tó yẹ kó ṣì máa rìn ṣe ń di ohun tí wọ́n ń wọ̀n ní kílò.

Ṣebí ẹ rí i, iwájú lẹsẹ̀ ti ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn lẹ́ńjìnnì wà. Wáyà irin kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀. Ó gba inú páìpù kan láàárín mọ́tò kọjá, ó sì parí sí apá òsì gíábọ́ọ̀sì, níbi tí nọ́ọ̀tì abìyẹ́ kan, tó dà bíi labalábá, ti dì í mú. Nọ́ọ̀tì kékeré yìí lọ̀gá. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ rọra tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó yẹ kó ní àyè bíi mílímítà 10 sí 20 kó tó le. Bí àyè náà bá ti pọ̀ jù, jíà á máa han bíi ẹni ń lọ ata, pàápàá tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ sẹ́yìn. Bí kò bá sí àyè rárá, kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀: ẹ́ńjìnnì á máa ké, mọ́tò ò ní fẹ́ lọ, tẹ́ ẹ bá sì ń wà á bẹ́ẹ̀, á jóná lóòótọ́. Ẹni tó mọṣẹ́ á dínà táyà, á fi ohun tó lágbára gbé mọ́tò dúró, torí ẹnikẹ́ni kì í fọkàn tán jáàkì nìkan. Á yọ táyà ẹ̀yìn apá òsì, á sì yí nọ́ọ̀tì náà: mímú un le ń dín àyè kù, títú u ń fi kún un.

Bí kílọ́ọ̀ṣì bá ṣubú lulẹ̀ lójijì tí kò le mọ́ rárá, wáyà ló já, tàbí kó ti bọ́ lẹ́nu ìkọ́ iwájú. Wáyà tuntun àti gíríìsì ló máa ń yanjú ẹ̀. Àmọ́ bí ìpáàtà bá ti jẹ páìpù inú mọ́tò kúrò lójú ibi tí wọ́n jó o mọ́, iṣẹ́ wẹ́dà nìyẹn. Bí àyè bá sì pé, tí kílọ́ọ̀ṣì ṣì ń yọ̀, ìgbà yẹn ni kí wọ́n tó tú bóòtù mẹ́rin tó di ẹ́ńjìnnì mú.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ní ìjàpá nílé, bẹ́ ẹ bá gbọ́ "ó ti jóná", ẹ kọ́kọ́ ní kí mẹkáníìkì fi nọ́ọ̀tì abìyẹ́ yẹn hàn yín. Èyí tí kò bá mọ ibi tó wà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì yín.