Ẹni Eji Rí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Àìmọye ìgbà ni mo ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní òwe yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kàwé nípa àwọn òkè Himaláyà, mo rí i pé ó yẹ kí a tún un yẹ̀ wò. Níbẹ̀, ó dàbí ẹni pé òjò ní ọ̀rẹ́.

Nígbà tí oòrùn bá mú ganrínganrín ní ilẹ̀ Íńdíà, ilẹ̀ a gbóná ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a gòkè, afẹ́fẹ́ olómi a sì ti ojú òkun wá gba ààyè rẹ̀. Láti oṣù Okudù títí dé Ọwẹ́wẹ̀ ni ó fi ń fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá kan òkè, kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí ó gùn ún lọ. Bí ó ti ń gùn ún ni ó ń tutù. Bí ó ti ń tutù ni omi inú rẹ̀ ń di òjò. Ìdí nìyí tí òjò Pokhara, ní iwájú òkè ní Nepal, fi ń ju 3,000 mìlímítà lọ lọ́dún, tí ti Leh, ní ẹ̀yìn òkè ní Ladakh, kò fi ju nǹkan bí 100 lọ. Kí afẹ́fẹ́ tó dé ẹ̀yìn òkè, ó ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.

Àwọn ará Leh mọ èyí. Bíríkì alámọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́lé, òrùlé wọn sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọgbọ́n ni, kì í ṣe àìmọ̀kan. Ṣùgbọ́n ní òru kan nínú oṣù Ògún 1010 ọdún lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún kan, èyíinì ni 2010, òjò ńlá já lu àdúgbò náà. Ẹrẹ̀ àti òkúta ya wọ inú ilé. Àwọn tí ó kú ju 200 lọ.

Nítorí náà, òwe àwọn àgbà kò parọ́. Òkè lè gba ènìyàn lọ́wọ́ òjò fún ìgbà pípẹ́, kò lè gbà á títí láé. Pàápàá nísinsìnyí tí ayé ń gbóná, tí afẹ́fẹ́ gbígbóná sì ń ru omi púpọ̀ sí i.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, bí a bá ń túmọ̀ òwe, ẹ jẹ́ kí a máa wádìí ibi tí ó ti ṣẹ àti ìdí rẹ̀. Mélòó nínú wa ni ó kọ́lé sí ojú àgbàrá, nítorí pé kò tí ì rí omi níbẹ̀ rí?