Hóró Magnesium àti Oorun Ará Ìkòròdú

Nínú ẹgbẹ́ wa tó máa ń sáré láàárọ̀ Sátidé ní Ìkòròdú, kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ nípa magnesium. Bí a bá ti sáré tán, tí a jókòó, tí a ń na ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan á ní láti ìgbà tí òun ti ń lò ó lálẹ́ lòun ti ń sùn fọnfọn. Ẹlòmíràn á ní iṣan ẹsẹ̀ òun kì í fà mọ́. Àbúrò mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù náà fi ike kan ránṣẹ́: "Bọ̀dá mi, ẹ máa lò ó kí ẹ tó sùn."

Mo fẹ́ràn kí n máa ka ara ike oògùn. 1,000 mg ni wọ́n kọ gàdàgbà síwájú. Lẹ́yìn, ní lẹ́tà wínníwínní, ni òótọ́ wà: magnesium glycinate ni gbogbo ẹ̀, magnesium gan-an tó wà níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi 140 mg lọ. Glycine ni ìyókù, tí wọ́n so mọ́ ọn kí ikùn má baà kọ̀ ọ́. Èyí tí owó rẹ̀ kò wọ́n, ìyẹn oxide, ní magnesium púpọ̀ nínú, àmọ́ ara kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà á. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti fún ní Milk of Magnesia rí ní kékeré mọ ohun tí mò ń sọ: magnesium náà nìyẹn, ilé ìgbẹ́ ló sì ń rán ni, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì.

Ọkùnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nílò nǹkan bíi 420 mg lójúmọ́, obìnrin 320. Inú ohun tó fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀ gan-an ni magnesium wà, nítorí náà kò sí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí kò ní in. Ó pọ̀ nínú ẹ̀gúsí, ẹ̀pà, kajú àti ẹ̀wà. Ìrẹsì náà ní in kí wọ́n tó bó o di funfun. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ bá èèpo lọ.

Ṣé ó ń mú ni sùn? Ó jọ bẹ́ẹ̀, díẹ̀. Lọ́dún 2021, àwọn onímọ̀ kan kó ìwádìí tó wà nílẹ̀ lórí àwọn àgbàlagbà tí kì í rí oorun sùn jọ. Mẹ́ta péré ni wọ́n rí, ènìyàn 151 lápapọ̀. Àwọn tó lo magnesium fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 17 tètè sùn ju àwọn tí wọ́n fún ní hóró asán lọ, àwọn onímọ̀ náà fúnra wọn sì ní ẹ̀rí náà kò lágbára tó. Ní ti iṣan tó ń fà, àyẹ̀wò Cochrane ti ọdún 2020 ní kò jọ pé ó ń ran àgbàlagbà lọ́wọ́.

Ìṣẹ́jú 17 yìí ni mo ń rò. Púpọ̀ nínú wa ló ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni wọ́n ń jáde nílé kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó dí afárá Third Mainland; kí wọ́n tó padà wọlé, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù. Kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n jẹun, kí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì tó dákẹ́, ó ti di mọ́kànlá. Ojú oorun sì ni ara ti ń tún iṣan tó ti ṣiṣẹ́ ṣe. Wọ́n wá ń wá ohun tó sọnù nínú ẹ̀jẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ojú títì ló wà.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lò ó. Èmi náà ṣì ń lo tèmi. Àmọ́ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa kò gbọdọ̀ dá a lò láìbi dókítà, torí kíndìnrín ló ń da àṣẹ́kù rẹ̀ nù. Ẹni tó ń lo tetracycline tàbí ciprofloxacin náà kò gbọdọ̀ gbé e mì pọ̀ mọ́ magnesium, torí magnesium kò ní jẹ́ kí oògùn yẹn wọ ara dáadáa.

Ọ̀kan nínú wa ti kó lọ sí Yábàá ní tirẹ̀, kí ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ̀ lè kúrú. Yàrá kan ló gbà níbẹ̀, owó rẹ̀ sì ju ti fúláàtì tó fi sílẹ̀ ní Ìkòròdú lọ. A bi í pé kí ló ń rà tó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní oorun ni.