Kékeré Ni Abẹ́rẹ́

Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Lóde òní, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń fi ohun tí ó kéré ju ṣóńṣó abẹ́rẹ́ lọ fíìfíì ṣe iṣẹ́ ńlá. Nanomítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà 1,000,000,000, ìdá kan ṣoṣo ni nanomítà. Ẹyọ irun orí kan lè nípọn tó nanomítà 80,000. Aràrá ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí a ti yọ “nano” jáde.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbajúmọ̀ nídìí iṣẹ́ aràrá yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Winston Wole Soboyejo. Ó gba oyè ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ní London ní 1985, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Cambridge ní 1988, ó sì lọ ṣe olùkọ́ ní Princeton, ní Amẹ́ríkà, ní 1999. Ó ti ṣe ìwádìí lórí èérún tín-ín-tín tí a lè fi wá àrùn jẹjẹrẹ rí nínú ara. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wù mí jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ti amọ̀.

Ní 2013, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ọmọ Kẹ́ńyà àti ọmọ Ùgáńdà wà nínú wọn, gbé ìwádìí jáde lórí ìkòkò tí a fi ń sẹ́ omi. A óò po amọ̀ mọ́ lẹ́búlẹ́bú igi tí ayùn gé sílẹ̀, a óò fi mọ ìkòkò, a óò sì sun ún. Iná á jó igi tán, ihò wẹ́wẹ́ á kù síbi tí igi ti wà. Omi á gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn á há sẹ́yìn. Bí igi bá pọ̀ jù, omi á yára jò, ṣùgbọ́n kòkòrò lè ráyè bá a lọ. Bí ó bá kéré jù, òùngbẹ á pa ará ilé kí omi tó kún ife. A tún máa ń fi èérún fàdákà, tí òun náà jẹ́ aràrá, kun ìkòkò náà, kí ó lè pa kòkòrò.

Àwọn ìyá amọ̀kòkò Dàda ní Ìlọrin mọ amọ̀, wọ́n sì mọ iná. Ìdajì ìmọ̀ yìí wà lọ́wọ́ wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìdajì kejì.

Àwọn kan ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó. Ẹ bá mi wò ó: po, mọ, sun, sẹ́, ihò, èérún. Èwo ni ó wọ́n wa? A yá “nano”, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá sì yá a ni. Ṣebí láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè ẹlẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ tiwa nìyí. Ẹ jẹ́ kí a jókòó ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, kí a bá wọn túmọ̀ iṣẹ́ wọn, kí ìyá tí ń mọ ìkòkò lè mọ ìdí tí omi inú rẹ̀ fi mọ́.