Kí Ọmọ Wa Tó Gba Ọ̀nà Zaria

Ọmọ tó ríṣẹ́ sójà, nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni yóò fi gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Depot Zaria. Kí ẹ tó ra àpótí, ẹ mú un lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní Adéọ̀yọ́ Ring Road tàbí UCH. Ẹ má gbára lé ìwé ìgbà èwe rẹ̀.

SS kò gbọdọ̀ lọ rárá. AS kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n bó bá sáré ju agbára lọ nínú ooru láìmu omi, ó lè dá kú, ó sì lè gbabẹ̀ lọ. Kó sọ fún dókítà ibẹ̀. Bó bá ní ásímà, kó má fi pamọ́. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé wọ́n á dá wọn padà. Ọmọ tí wọ́n dá padà ṣì wà láàyè, yóò ríṣẹ́ mìíràn.

Láti ìsinsìnyí, kó máa rìn kánmọ́kánmọ́ láàárọ̀, láti Bódìjà dé Agbowó, kó tó di eré. Kó ti máa wọ bàtà tuntun nílé, kó má baà bó o lẹ́sẹ̀. Kó má fi paraga tàbí oògùn ara ríro sáré: bí omi bá gbẹ lára, wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, kó dúró, kó sọ̀rọ̀. Ọyẹ́ Zaria mú gan-an, ẹ di súwẹ́tà fún un.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín. Ire o.

Nọ́ọ̀sì yín, Bódìjà.