Ìwé Wáráǹtì Gẹ́gẹ́ Bí Àyọkà

Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ẹnì kan bá fẹ́ yá owó, a ó ní kí ó mú onídùúró wá. Onídùúró yìí ni a ó dì mú bí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́. Ìwé tí à ń pè ní wáráǹtì kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọjà ni ó dúró fún dípò ènìyàn. Ṣùgbọ́n kò sí onídùúró tí agbára rẹ̀ kò ní ibi tí ó mọ. Kíkà ni a fi ń mọ ibẹ̀, kíkà sì ni iṣẹ́ tí èmi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ jọ ń ṣe.

Ní ọdún 2023, àbúrò mi obìnrin, nọ́ọ̀sì ní Manchester, ra àlòkù ọkọ̀ tí ń fi iná mànàmáná rìn lọ́wọ́ oníṣòwò ọkọ̀ kan. Ọkọ̀ náà ti lo ọdún 6. Kì í ṣe sípíríǹgì onírin ni ó gbé e dúró, bí kò ṣe àpò rọ́bà tí ẹ̀rọ kékeré kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Bí rọ́bà bá gbó, a sán, afẹ́fẹ́ a sì máa jò. Ọkọ̀ tí ó dúró ṣánṣán lálẹ́ a ti jókòó sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí a kò bá tètè tún un ṣe, ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ náà yóò ṣe iṣẹ́ àṣekú títí yóò fi jóná.

Ní oṣù kẹrin tí ó ra ọkọ̀ yìí, àpò kan jò. Ọkọ̀ yìí ni ó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ òru. Ó pè mí: "Bọ̀dá mi, wọ́n ní wáráǹtì kò kàn án. Ẹ bá mi gbàdúrà." Mo ní àdúrà ń bọ̀, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ fi ìwé náà ránṣẹ́.

A kà á bí a ti ń ka àkàyé. Ta ni ó ń sọ̀rọ̀? Ẹni méjì ni: ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀, àti ẹni tí ó tà á. Kí ni wọ́n ṣèlérí? Ọdún 8 tí wọ́n fi polówó ọkọ̀ náà, ti bátìrì nìkan ni. Ti ara ọkọ̀ yòókù ti parí ní ọdún kẹrin. Kí ni wọ́n yọ sílẹ̀? Ìwé ẹni tí ó tà á yọ ohunkóhun tí ó bá gbó nípa lílò sílẹ̀. Nítorí náà, irọ́ kọ́ ni wọ́n pa.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹrin kù: ọ̀rọ̀ wo ni ó ga ju ìwé náà lọ? Òfin ni. Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà tí wọ́n ṣe ní Bìrìtìkó ní ọdún 2015 sọ pé ọjà tí oníṣòwò bá tà gbọ́dọ̀ dára tó bí ó ti yẹ. Kò ní kí àlòkù dà bí tuntun. Ọjọ́ orí ọjà àti iye tí a rà á ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n bí àbùkù bá yọjú láàárín oṣù 6, ẹni tí ó tà á ni yóò fi hàn pé kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ó tà á. Kò sí wáráǹtì tí ó lè gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹni tí ó bá rà á lọ́wọ́ aládàáni tí kì í ṣe oníṣòwò kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Àbúrò mi kọ lẹ́tà tútù: ọjọ́ tí ó ra ọkọ̀, ọjọ́ tí àpò jò, àwòrán, àti orúkọ òfin náà. Kò bú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n pààrọ̀ àpò náà láìgba kọ́bọ̀.

Nílé wa níbí náà, òfin tí ń dáàbò bo oníbàárà wà, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń bèèrè ìwé nígbà tí wọ́n bá ń ra tòkunbọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a máa fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe àyọkà ní kíláàsì, pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀nyí. Ọmọ tí ó bá lè dáhùn wọn kì yóò fi owó rẹ̀ kọ́gbọ́n.