Pátákó Kan Ò Lè Gun Gbogbo Ìgbì

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay l'Ékòó, tí ẹ ń dúró lórí pátákó gun ìgbì pẹ̀lú àjẹ̀ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: kì í ṣe owó ló ń sọ pátákó tó dáa, ìgbì ni.

Lọ́jọ́ tí omi bá rọlẹ̀, tí ìgbì ò ju orúnkún lọ, pátákó gígùn ló yẹ yín: bí ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 11, kó fẹ̀ tó ínǹṣì 32. Ìgbì tí kò lágbára pàápàá á gbé e. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ á dúró lórí ẹ̀ bí ẹni dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá ẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbé pátákó gígùn yìí wọ ìgbì tó ga ju àyà lọ, kẹ́ ẹ wá wò ó. Imú ẹ̀ á rì, ìdí ẹ̀ á dìde, ẹ̀yin náà á já sómi. Pátákó kúkúrú ló nibẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 9, imú tó ká sókè, ìdí tó tín-ín-rín. Ó yára yí, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù. Tẹ́ ẹ bá dúró jẹ́ẹ́ lórí ẹ̀, á máa mì sọ́tùn-ún sósì.

Tó bá jẹ́ ẹyọ kan lowó yín ká, ẹ ra gígùn. Ìgbì kékeré la fi ń kọ́ ti ńlá. Ẹ má sì gbàgbé okùn tó ń so pátákó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ o: pátákó tó bá já lọ lè fọ́ orí ẹlòmíì.