Ìka Tó Nà Gbọnrangandan

Ọkọ mi ló ra ìbọn náà. Olè fọ́ ilé kan ládùúgbò wa ní Houston lóru ọjọ́ kan tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kí n sì tó wọlé láàárọ̀, ó ti pinnu. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí Glock 19 fi dé inú àpótí dúdú lókè kọ́bọ́ọ̀dù wa.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ti pé ọdún 21 ní Texas kò nílò ìwé àṣẹ mọ́ kí wọ́n tó gbé ìbọn ìléwọ́ jáde. Ẹnikẹ́ni kò fi dandan mú mi kẹ́kọ̀ọ́. Èmi ni mo ní n ò lè máa sùn nínú ilé pẹ̀lú ohun tí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọta inú rẹ̀. Ẹni tó ra ìbọn tí kò kọ́ ọ, ẹ̀mí ará ilé rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Mo lọ kọ́ ọ. Ní wákàtí méjì àkọ́kọ́ ẹ̀kọ́ náà, a kò gbúròó ìbọn kankan. Olùkọ́ wa, bàbá kan tó ti hewú, kọ òfin mẹ́rin sójú pátákó. Jeff Cooper, ọmọ ogun àtijọ́ tó dá ilé-ẹ̀kọ́ ìbọn sílẹ̀ ní Arizona lọ́dún 1976, ló sọ wọ́n di mímọ̀ kárí ayé. Gbogbo ìbọn ló ní ọta nínú, bó o tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ tán. Má dojú ìbọn kọ ohun tí o kò fẹ́ bà jẹ́. Má fi ìka kan ibi tí wọ́n ń fà títí ojú rẹ yóò fi mú ohun tí o fẹ́ yìn. Mọ ohun náà dájú, kí o sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Òfin kẹrin yẹn ló bà mí lẹ́rù. Ògiri inú ilé wa kì í ṣe bíríkì, pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, bàbá náà sì ní ọta lè gba inú rẹ̀ kọjá bọ́ sí yàrá kejì. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ibùsùn wa àti ti àwọn ọmọ.

Ọdẹ ni Bàámi, ní Ṣakí. Ṣakabùlà rẹ̀ kì í ní ètù nínú bó bá wà lára ògiri, síbẹ̀ kò gbà kí a kọjá níwájú ẹnu rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ lò ó, yóò da ètù sí i lẹ́nu, yóò ki àkísà bọ̀ ọ́, yóò fi ọ̀pá gún un, yóò kó ọta lé e, yóò tún ki àkísà. Inú tó ń bí ènìyàn lè rọ̀ kí gbogbo ìyẹn tó parí. Ohun tí mo gbé dání ní Houston kò fúnni láyè bẹ́ẹ̀. Bí ọta bá ti wà nínú rẹ̀, ìka nìkan ló kù.

Ìka yẹn gan-an ni olùkọ́ wa ń ṣọ́. “Ìka rẹ,” ni yóò wí, èmi yóò sì nà án gbọnrangandan sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn. Nígbà tí a dé ibi ìyìnbọn, a dí etí, a wọ awò, páálí wà níwájú mi ní yáàdì mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo yìn ín, èèpo ọta gbígbóná ta sínú kọ́là mi. Ó jó mi lọ́rùn. Olùkọ́ wa ti kìlọ̀ fún wa pé ibẹ̀ ni ẹlòmíì ti máa ń fò sókè tí yóò sì yí ìbọn kọ ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo wa eyín pọ̀, mo na ìka, mo gbé ìbọn sílẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan ọrùn.

A fi omi tútù àti ọṣẹ fọ ọwọ́ kí a tó jẹun, nítorí òjé tó wà nínú èéfín ọta. Nígbà tí mo délé, mo fi àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ pààrọ̀ ti tẹ́lẹ̀, mo kó ọta sí ibòmíràn, ọkọ mi kò sì jà mí níyàn.

Mo pe Bàámi lálẹ́.

“Kí lo pa?”

“Páálí ni, Bàámi.”

“Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ọwọ́ wọn ò lè tó o?”

Mo ní mo ti tì í pa. Bàámi dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo mú fóònù dání, mo lọ wò ó.